Ta Ni Ó San Owó Ìdẹ̀ra Náà? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtàn-Ìfẹ́ Ayé Mìíràn

Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àárẹ̀ rí. Ẹni tí iṣẹ́ ti mú lómi láti òwúrọ̀ títí di òru kì í wá ìwé tí yóò tún bá a wí. Ibi tí yóò gbé orí lé ni ó ń wá. Òtítọ́ yìí ni ó bí irú ìtàn àròsọ kan ní ilẹ̀ Jàpáànù, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń kà lórí fóònù ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lónìí: ìtàn-ìfẹ́ ayé mìíràn, ìtàn ọlọ́yàyà tí ẹ̀rù kì í pọ̀ nínú rẹ̀, tí àwọn òǹkọ̀wé ń gbé jáde ní orí kọ̀ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀wọ́ méjì ni ó ń jà lórí ìtàn wọ̀nyí. Ọ̀wọ́ kan, àwọn lámèyítọ́ àti olùkọ́ tí ó ti dàgbà, ní pàǹtírí ni. Pé ó ń sọ ọmọ di ọ̀lẹ, pé ó ń kọ́ ọ láti sá fún ayé. Ọ̀wọ́ kejì, àwọn tí ó fẹ́ràn wọn, ní kí wọ́n fi àwọn lọ́rùn sílẹ̀. Pé ẹni tí ó rẹ̀ ni ó ń sinmi, ìsinmi kò sì pa ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀wọ́ méjèèjì ni ó ṣìnà. Àwọn ti àkọ́kọ́ ń bá ohun tí ó dára jù nínú ìtàn wọ̀nyí jà, wọ́n sì fi ohun tí ó burú níbẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́kàn. Àwọn ti èkejì ń gbèjà ìsinmi tí àwọn ìtàn náà kò tilẹ̀ fún wọn ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Ìdẹ̀ra kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ ìtàn-ìfẹ́ ayé mìíràn. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó ń gbé ìdẹ̀ra kalẹ̀ bí ẹni pé kò sí ẹni tí yóò san owó rẹ̀.

Àwọn ará Jàpáànù ń pe irú ìtàn yìí ní isekai, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ayé mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà ti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Oxford fi gbà á wọlé ní ọdún 2024. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn àkúdàáyà rí kò ní í pẹ́ lóye rẹ̀. Ẹnì kan kú ní ìlú kan, ó sì tún ń gbé ní ìlú mìíràn bí alààyè, ó ń ṣòwò, ó ń fẹ́ aya, ó ń bí ọmọ. Nínú isekai, ọkọ̀ akẹ́rù lè kọlu ọmọbìnrin kan lójú pópó, tàbí kí iṣẹ́ àṣejù pa á, tàbí kí àwọn onídán ọba kan fi ọfọ̀ fà á kúrò nínú yàrá rẹ̀. Bí ó ṣe la ojú, ó ti di ọmọ ìjòyè ní ilẹ̀ tí idán àti ààfin pọ̀ sí, tí kò sì sí ọkọ̀ tàbí fóònù. Ìmọ̀ ayé tí ó ti wá kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ìmọ̀ yẹn ni yóò fi là.

Ojúlé ìtàn wọ̀nyí ni ojú-òpó kan tí ń jẹ́ Shōsetsuka ni Narō, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2004. Orúkọ náà ń pe ènìyàn pé kí ó wá di òǹkọ̀wé. Ẹnikẹ́ni lè gbé ìtàn síbẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Òǹkàwé ni ó ń fún ìtàn ní máàkì, máàkì ni ó ń gbé ìtàn gun orí àtẹ, àwọn ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé a sì máa wo orí àtẹ láti mọ èyí tí ó yẹ ní títẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2016, ìtàn ayé mìíràn ti gba orí àtẹ kan tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn alábòójútó fi ya àtẹ ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún un, kí àwọn ìtàn yòókù lè rí afẹ́fẹ́ mí sí.

Àpẹẹrẹ méjì tó láti fi mọ bí wọ́n ṣe rí. Èkíní ni ìwé Yuka Tachibana tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ The Saint's Magic Power is Omnipotent. Sei, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, ti ibi iṣẹ́ dé ní òru. Bí ó ṣe ń wọlé ni idán gbé e, ó sì bá ara rẹ̀ ní ààfin ìjọba Slantania, níbi tí wọ́n ti ń pe ẹni mímọ́ kan tí yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn ẹranko abàmì. Obìnrin méjì ni ìpè náà fà wá. Ọmọ ọba kò ka Sei sí. Ẹnì kejì ni ó fà lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Sei kò ba ara rẹ̀ lọ́kàn jẹ́ títí. Ó gba ilé ìwádìí ewé àti egbò lọ, ó ń gbin ewé, ó ń po àgbo, ó ń se oúnjẹ aládùn fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Àgbo rẹ̀ gba balógun kan, Albert Hawke, lọ́wọ́ ikú, ìfẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Èkejì ni My Next Life as a Villainess, tí Satoru Yamaguchi kọ. Katarina Claes, ọmọ ọdún 8, ọmọ ìjòyè ńlá, fi orí gbá ilẹ̀, ó sì rántí pé òun ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Jàpáànù rí kí òun tó kú, àti pé inú géèmù ìfẹ́ tí òun máa ń gbá nígbà náà ni òun wà báyìí. Ìyà ibẹ̀ ni pé òun gan-an ni obìnrin burúkú inú géèmù náà. Ibi yòówù kí eré yọrí sí, yálà kí wọ́n lé òun kúrò nílùú tàbí kí wọ́n pa òun. Ni Katarina bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ oko, kí ebi má baà pa á bí wọ́n bá lé e. Ó ń ṣe dáadáa sí gbogbo àwọn tí géèmù ní kí ó bá ṣọ̀tá. Kí a tó wí kí a tó fọ̀, tọkùnrin tobìnrin wọn ti ń fẹ́ràn rẹ̀, òun nìkan ni kò mọ̀. Ìtàn Katarina di eré àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 2020, ti Sei sì tẹ̀ lé e ní 2021.

Kí ni ó dùn nínú èyí? Ohun púpọ̀ ni, ẹni tí ó bá sì sẹ́, yálà kò tíì kà á tàbí kò tíì rẹ̀ ẹ́ rí. Lákọ̀ọ́kọ́, ìtàn wọ̀nyí gbà pé àárẹ̀ jẹ́ ohun gidi. Jàpáànù ní ọ̀rọ̀ kan, karōshi, fún ikú tí iṣẹ́ àṣejù ń fà. Kì í ṣe àsọdùn: ní ọdún 2014 ni ilé aṣòfin wọn ṣe òfin láti dènà irú ikú bẹ́ẹ̀, ní 2018 ni wọ́n sì ṣe òmíràn tí ó fi gbèdéke sí iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ń ṣe lé àkókò rẹ̀. Òfin yìí, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019, kò gbà kí iṣẹ́ àfikún náà kọjá 720 wákàtí lọ́dún kan. Bí 720 wákàtí bá jẹ́ òdiwọ̀n tí wọ́n fi dáàbò bo ènìyàn, ẹni tí ó bá ní ọgbọ́n yóò mọ bí ó ti rí kí òfin tó dé. Nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìtàn obìnrin kan tí ó ti ibi iṣẹ́ dé lóru, tí ó sì jí sí ibi tí wọ́n ti ń sọ fún un pé kí ó lọ sinmi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà.

Lẹ́ẹ̀kejì, ìtàn wọ̀nyí ń bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ kékeré. Akọni inú ìtàn ogun a máa fi idà pa ejò olórí méje. Akọni tiwọn a máa fi ewé sí ọbẹ̀, a máa po ìpara, a máa tọ́jú ọgbà. Ohun tí àwọn obìnrin ń ṣe nínú ilé láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, tí ẹnikẹ́ni kì í dúpẹ́ rẹ̀, ni ó di ohun tí odindi ìjọba kan ń dúpẹ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìfẹ́ inú wọn kì í gbá ènìyàn létí. Hawke kì í kígbe mọ́ Sei. Ó ń béèrè kí ó tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ti ka ìtàn-ìfẹ́ níbi tí ìkanra àti ipá ti jẹ́ àmì ìfẹ́ ọkùnrin mọ ìyàtọ̀, ìyàtọ̀ náà sì ṣe pàtàkì. Olùkọ́ tí ó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kò ṣe é ní oore.

Nítorí náà ni ẹ̀sùn méjì tí wọ́n sábà máa ń fi kan ìtàn wọ̀nyí kò fi lè dúró. Èkíní ni pé ìsáfáyé ni wọ́n. Bí sísá kúrò láyé bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, àwọn ìtàn tí ó lọ́lá jù ni yóò kọ́kọ́ jẹ̀bi. Ìjàpá ti lọ sí ọ̀run nínú àlọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn ọdẹ inú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní ọdún 1938, fi ilé sílẹ̀ lọ sí ibi tí ẹlẹ́ran ara kì í gbé. Ní Jàpáànù fúnra rẹ̀, ìtàn Urashima Tarō, apẹja tí ó bá ọmọbìnrin ọba lọ sí ààfin abẹ́ òkun, ti wà nínú ìwé láti nǹkan bí 1,300 ọdún sẹ́yìn. Ènìyàn ti ń sá lọ sí ayé mìíràn tipẹ́.

Ẹ̀sùn kejì ni pé gbogbo wọn jọ ara wọn. Òótọ́ ni pé wọ́n jọra. Orúkọ wọn pàápàá gùn bí ìlà ìwé, nítorí pé lórí àtẹ, orúkọ ni òǹkàwé ń kọ́kọ́ rí, orúkọ náà sì gbọ́dọ̀ ti sọ ìtàn tán. Ṣùgbọ́n àlọ́ náà jọra, kò sì sí ọmọ tí ó sọ pé òun kò gbọ́ ti Ìjàpá mọ́ nítorí pé òun mọ̀ pé yóò jalè. Ní ọdún 2017, Kadokawa, ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ńlá, ṣe ìdíje ìtàn kan, ó sì kéde pé òun kò gba ìtàn àtúnbí sí ayé mìíràn. Ó ní kí òǹkọ̀wé má gba ẹnu-ọ̀nà yẹn wọlé. Kò bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe bí ó bá wọlé tán. Ìbéèrè yìí gan-an ni ó yẹ ní bíbéèrè.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Urashima nìyí. Ó gbádùn ní abẹ́ òkun fún ìgbà díẹ̀, àárò ilé sọ ọ́, ó sì padà. Nígbà tí ó dé etíkun, ọ̀ọ́dúnrún ọdún ti kọjá. Kò bá ìyá, kò bá bàbá, kò bá ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀. Ó ṣí àpótí tí ọmọbìnrin ọba fún un, ó sì di arúgbó lójú ẹsẹ̀. Àkúdàáyà náà kò bọ́ lọ́wọ́ irú owó yìí: ọjọ́ tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rí ní ìlú àkọ́kọ́ bá bá a pàdé lọ́jà ni yóò pòórá, tí aya tí ó fẹ́ àti ọmọ tí ó bí yóò máa sunkún. Àwọn ọdẹ Fágúnwà dé Òkè Láńgbòdó, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ni ó padà sílé. Àwọn tí ó pa ìtàn wọ̀nyí mọ̀ pé ayé mìíràn dùn, wọn kò sì fi adùn náà pamọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá jẹ oúnjẹ níbẹ̀ yóò san nǹkan.

Gbèsè àkọ́kọ́ tí ìtàn-ìfẹ́ ayé mìíràn ti òde òní kì í san ni ti ilé tí akọni fi sílẹ̀. Kí a sọ ọ́ bí ó ti rí: ìjọba Slantania jí Sei gbé. Wọn kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì mọ ọ̀nà tí yóò fi padà. Ó ní ìlú, ó ní iṣẹ́, ó ní àwọn tí yóò máa wá a. Ìtàn náà jẹ́ kí ó bínú díẹ̀, wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí. Ewé àti àgbo ló kù. Òǹkàwé kò rí ìyá tí ń kan ilẹ̀kùn yàrá òfìfo. Ohun tí ó burú ju èyí lọ ni ti ọ́fíìsì tí ó ń dá Sei dúró di òru. Òun ni ìdí tí ìtàn fi dùn, síbẹ̀ ìtàn kò padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti bi í léèrè ohunkóhun. Ọ̀gá tí ó fi iṣẹ́ rọ́ ènìyàn lára ṣì wà níbẹ̀, ó ti gba ẹlòmíràn sí àga Sei. Ìwé tí ó fi àárẹ̀ òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí kò sì ní ọ̀rọ̀ kan fún ohun tí ó fa àárẹ̀ náà, ń kọ́ òǹkàwé pé kò sí àtúnṣe fún ayé yìí, àfi kí ènìyàn kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ìsinmi. Àìnírètí tí wọ́n da aṣọ òdòdó bò ni.

Gbèsè kejì ni ti ìfẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn wọ̀nyí, akọni ti ka ìwé náà tàbí ti gbá géèmù náà tẹ́lẹ̀. Ó mọ ọgbẹ́ ọkàn ọmọ ọba, ó mọ ọ̀rọ̀ tí yóò fi wò ó sàn, ó mọ ọjọ́ tí yóò sọ ọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ fún irú ìdánwò tí ìdáhùn rẹ̀ ti jò síta kí wọ́n tó wọlé: ẹ́kísípò ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó fi ẹ́kísípò yege kò mọ iṣẹ́, ẹni tí ó fi ìmọ̀ géèmù gba ọkàn ẹlòmíràn kò sì mọ ẹni náà. Ìfẹ́ ni kí ènìyàn dúró níwájú ẹni tí kò mọ̀ tán, kí ó ṣe àṣìṣe, kí ó bẹ̀bẹ̀, kí ó tún kọ́ ọ. Ó yẹ kí a bu iyì fún Yamaguchi níhìn-ín, nítorí pé ó fi ọ̀rọ̀ yìí pa Katarina lẹ́rìn-ín: ẹ̀rù géèmù bà á tó bẹ́ẹ̀ tí kò rí àwọn ènìyàn tí ó wà níwájú rẹ̀, inú rere rẹ̀ ni ó sì fi gbà wọ́n lọ́kàn, kì í ṣe ìmọ̀ rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé Katarina kò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn òun, kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ yàn, kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ kọ̀. Ìfẹ́ yí i ká bí òórùn ọbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì jókòó jẹun. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó tẹ̀ lé e mú ọkùnrin mẹ́rin inú ìtàn náà, wọ́n sì fi ẹ̀rín rẹ̀ sílẹ̀.

Gbèsè kẹta ni ti àwọn tí ń gbé àwo. Ayé tí akọni jí sí jẹ́ ayé ìjòyè àti mẹ̀kúnnù, ọmọ ọ̀dọ̀ àti olówó. Ẹni tí ó ti ilẹ̀ tí ènìyàn ti ń dìbò wá dé ibẹ̀, ó rí i pé ẹlòmíràn ń gbé omi ìwẹ̀ fún òun ní ìdájí, kò sì rí nǹkan tí ó yẹ ní bíbéèrè. Ọmọ ọ̀dọ̀ a máa rẹ́rìn-ín, a máa ṣe olóòótọ́, kì í sì rẹ̀ ẹ́ láé. Obìnrin tí iṣẹ́ àṣejù pa ní ayé kan wá ń gbádùn iṣẹ́ àṣejù ẹlòmíràn ní ayé kejì, ìtàn kò sì fura. Ní ilẹ̀ Kòríà, níbi tí ẹ̀yà ìtàn yìí ti ta gbòǹgbò gidigidi, ìwé The Remarried Empress tí Alphatart kọ lọ jìnnà ju èyí lọ. Kò sí àtúnbí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ayé ààfin kan náà ni. Ìyàwó ọba, Navier, ni òǹkàwé ń bá kẹ́dùn. Ẹni tí ó gba ọkọ rẹ̀ ni Rashta, ẹrú tí ó sá lọ. Òótọ́ ni pé Rashta ṣe ibi. Síbẹ̀, nínú ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ra ènìyàn tí wọ́n sì ń tà á, ẹrú ni ìtàn yàn láti fi ṣe ẹni ìkórìíra, ìṣubú rẹ̀ ni ó sì fi ṣe ìdùnnú òǹkàwé. Àwọn tí ó ra ènìyàn náà, ta ni ó bi wọ́n?

Àwọn tí ń gbèjà ìtàn wọ̀nyí a máa sọ pé ẹni tí ó rẹ̀ kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Pé bí ìtàn bá san gbogbo gbèsè yìí, kò ní í jẹ́ ìtàn ìdẹ̀ra mọ́. Ìwé kan láti orí àtẹ kan náà ni ó dá wọn lóhùn. Ní ọdún 2013 ni Miya Kazuki bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Ascendance of a Bookworm jáde lórí Shōsetsuka ni Narō, ó sì parí rẹ̀ ní 2017. Urano, tí ìwé ju oúnjẹ lọ lójú rẹ̀, kú nígbà tí ilẹ̀ mì tí ìwé rẹ̀ wó lù ú. Ó jí nínú ara Myne, ọmọ ọdún 5, ọmọ sójà ẹnubodè, nínú ilé òtòṣì, nínú ara tí ibà kì í fi sílẹ̀. Ìwé wà ní ìlú náà, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́lá nìkan ni ó lè rà á. Ó ní òun yóò ṣe tòun. Ó fi ewéko gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Ó fi amọ̀ gbìyànjú, ó fọ́. Ó kọ̀wé sí ara pátákó igi tẹ́ẹ́rẹ́, ìyá rẹ̀ rò pé igi ìdáná ni, ó sì kó o sínú iná. Ìgbà tí òun àti Lutz, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wá ń se èèpo igi, tí wọ́n ń gún un, tí wọ́n ń sá a, ni wọ́n tó rí bébà. Gbogbo orí wọ̀nyí dùn, wọ́n sì ń mára tu ènìyàn, nítorí pé òǹkàwé mọ iye tí bébà kan ná wọn.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé Kazuki kò sá fún onígbèsè kankan. Ọjọ́ kan dé tí idán mú Myne padà wọ inú ìrántí ara rẹ̀, tí ó rí ìyá tí ó bí Urano, tí ó sì sunkún tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun ṣáájú rẹ̀ kú. Ọjọ́ mìíràn dé tí ó wọ ilé àwọn ọmọ òrukàn inú tẹ́ńpìlì, tí ó bá àwọn ọmọ tí ebi ń pa kú, tí ó sì di dandan kí ó pinnu ohun tí òun yóò ṣe. Nígbà tí ipò ìjòyè sì dé, ipò tí àwọn ìtàn yòókù ń fúnni lójú ewé àkọ́kọ́, owó rẹ̀ ni ìdílé rẹ̀: àdéhùn onídán ni wọ́n jọ fọwọ́ sí, pé kò gbọ́dọ̀ pe bàbá rẹ̀ ní bàbá mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọ́dọ̀ pè é ní ọmọ. Ìtàn-ìfẹ́ kọ́ ni ìwé náà ní pàtàkì, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìtàn lè tu ènìyàn lára kí ó má sì parọ́ fún un.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ ti ìfẹ́ gan-an, Inuyasha wà, ìtàn aláwòrán tí Rumiko Takahashi fi ọdún 1996 sí 2008 gbé jáde. Kagome, akẹ́kọ̀ọ́, ń gba inú kànga lọ sí ìgbà àtijọ́ tí iwin pọ̀ sí, ó sì ń gba ibẹ̀ padà wá sílé kí ìdánwò má baà fò ó. Ìfẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún kò pa ilé rẹ́. Nígbà tí kànga náà dí, ó fi ọdún mẹ́ta parí ilé-ìwé. Nígbà tí ó sì tún ṣí, ó mọ̀ pé bí òun bá lọ, òun kò ní í padà. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ẹnu kànga náà. Ó yàn, ó dágbére, ó sì lọ. Ìfẹ́ rẹ̀ wúwo nítorí pé a rí ohun tí ó fi sílẹ̀. Sei kò rí irú ẹnu kànga bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni olùkọ́ yóò ṣe? Kí ó má gba fóònù. Ìwé tí a gbà lọ́wọ́ ọmọ ni ó máa ń kà jù. Kí ó mú ìtàn náà wọ kíláàsì, kí ó sì fi ohun èlò tí ó fi ń yẹ Fágúnwà wò yẹ̀ ẹ́ wò: àhunpọ̀ ìtàn, ìfìwàwẹ̀dá, ibùdó ìtàn, kókó-ọ̀rọ̀. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni yóò là á. Ta ni akọni fi sílẹ̀, ǹjẹ́ ìtàn sì rántí rẹ̀? Ta ni ó ń ṣiṣẹ́ kí akọni lè sinmi, ǹjẹ́ ó ní orúkọ? Ìgbà wo ni akọni yan nǹkan tí ó sì pàdánù òmíràn nítorí rẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí lórí Katarina yóò lè dáhùn wọn lórí ìwé yòówù kí ìgbìmọ̀ ìdánwò yàn fún un. Ọ̀pọ̀ yóò sì rí i fúnra wọn pé ìwé tí àwọn fẹ́ràn ṣẹ́ kù síbì kan. Ìyẹn sàn ju kí olùkọ́ sọ fún wọn lọ.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́, kò sí ìdí tí ojú fi níláti tì í pé ó ń ka ìtàn ìdẹ̀ra. Kí ó kà á. Bí ó bá sì tó àkókò tí òun náà yóò kọ tirẹ̀, kí ó fi ọkọ̀ akẹ́rù kọlu ẹni tí ó bá wù ú, kí ó sì fún un ní ààfin, ọgbà àti balógun oníwà tútù. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbé akọni náà jókòó sídìí tábìlì, kí ó kọ ojú-ewé kan nípa ìyá rẹ̀ ní ilé àkọ́kọ́, kí ó sì kọ ojú-ewé kan nípa ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó pọn omi. Ojú-ewé méjì péré ni. Àwọn òǹkọ̀wé tí kò kọ ọ́ kò ṣàì mọ̀ ọ́n kọ. Wọ́n gbà pé ẹni tí ó rẹ̀ kò ní í béèrè ni. Kí òǹkàwé máa béèrè.